Omi Tí Afẹ́fẹ́ Gbé Lọ

Bàtà rọ́bà méjèèjì wà lórí òkúta ńlá kan, wọ́n dúró ti ara wọn, orí wọn kọ sí omi. Ìbọ̀sẹ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ká a dáadáa bí aṣọ inú àpótí. Ẹsẹ̀ tó bọ́ wọn sílẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ náà gbà kọjá ní òwúrọ̀ ti di omi tó lè mu àgbàlagbà dé àyà kí agogo méjì ọ̀sán tó lù.

Ẹni tó bọ́ bàtà náà ni Jeremáyà Ikúmápayìí, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, bàbá tó bí ìyá mi. Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Jánúárì tó kọjá ni, ní etí ọ̀sà Galveston, lápá La Porte, ní ọjọ́ kejì tí òtútù líle láti àríwá wọ Houston. Títí di àsìkò tí mo ń kọ èyí, a kò tíì rí wọn.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe. Mo ti jókòó ní pálọ̀ àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú ìwé àti bírò, tí mò ń bi wọ́n pé irú ènìyàn wo ni ẹni tó lọ. Ìdáhùn kan náà ni wọ́n máa ń fún mi: "Ènìyàn dáadáa ni." Màá kọ ọ́ sílẹ̀, màá sì mọ̀ nínú ara mi pé n kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó wá kàn mí, tí ọmọbìnrin kan láti iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n pè mí lórí fóònù, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ènìyàn dáadáa ni wọ́n." Ojú tì mí. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí.

Alágídí ni Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Etí òkun Ìlàjẹ ni wọ́n bí wọn sí, nínú ilé onípákó tó dúró lórí ọ̀pá láàárín omi. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn ti mọ omi í wẹ̀ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n rìn. Ẹja ni wọ́n ń pa títí wọ́n fi lé ní ọgọ́ta ọdún. Lẹ́yìn náà ni òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ abúlé wọn, ilé kan tẹ̀lé òmíràn, títí tó fi jẹ ilé tiwọn náà. Mọ́mì mi, Tóyìn, tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì níbí, ló kó Bàbá àti Màmá Àgbà wá sí ilé wọn ní Cinco Ranch, àdúgbò kan ní Houston.

Omi wà ní Cinco Ranch. Àwọn tó kọ́ àdúgbò náà gbẹ́ adágún sí àárín àwọn ilé, wọ́n fi ẹ̀rọ kan sínú rẹ̀ tó ń fọ́n omi sókè, wọ́n gbin koríko yí i ká, wọ́n sì kọ ọ́ sára pátákó pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Bàbá dé, èmi ni mo mú wọn lọ wò ó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ìka bọ omi, wọ́n fi kan ahọ́n. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n ń wo omi tó ń fọ́n sókè tó sì ń padà bọ́ sí ojú kan náà.

"Akọ̀wé," orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn, "omi yìí ò mọ ẹnikẹ́ni."

Délé ló mú wọn mọ ọ̀sà. Dale ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Òyìnbó ni, ará Minnesota lókè àríwá, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Deer Park kó tó fẹ̀yìntì. Ilé rẹ̀ ló kángun sí ti Mọ́mì. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí gbogbo wa máa pe òun ní orúkọ, kí a má fi ọ̀gbẹ́ni kankan kún un. Bàbá ní Délé ni orúkọ náà, pé àwọn tó bí i ni kò mọ̀ ọ́n pè. Títí dòní, Délé ni ó ń jẹ́ nínú ilé wa, ó sì ń dáhùn.

Gẹ̀ẹ́sì Bàbá kò pọ̀. Yorùbá Délé kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ ṣé gan-an" lọ. Síbẹ̀ wọ́n lè jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ láti Cinco Ranch dé La Porte, wákàtí kan gbáko lórí fíríwéè, kí ọ̀rọ̀ má tán lẹ́nu wọn. Mo wà lẹ́yìn ọkọ̀ ní ọjọ́ kan. Délé ń sọ̀rọ̀ ẹja kan tó wà ní adágún ìlú rẹ̀. Muskie ni wọ́n ń pè é, ẹja gígùn tí eyín rẹ̀ mú bíi ti ajá, tí ènìyàn lè fi odindi ọdún kan ju ìwọ̀ sí kó má rí ẹyọ kan mú.

"Ọdún kan?" Bàbá bi í. "Kí ni ìyàwó ẹ wá ń jẹ?"

"Kì í ṣe jíjẹ," Délé dáhùn. "A máa ń mú un, a máa ń ya fọ́tò rẹ̀, a sì máa ń dá a padà sínú omi."

Bàbá wo ojú fèrèsé títí. Iná orí òpó àwọn iléeṣẹ́ epo ń jó lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Wọ́n wá fi Yorùbá bi mí, ní ohùn jẹ́jẹ́, bóyá orí ọ̀rẹ́ àwọn yìí pé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ muskie kò ti kúrò lẹ́nu wọn mọ́. Délé fún wọn ní ọ̀kan nínú ìdẹ onígi tí wọ́n fi ń pa á. Ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé àti pupa, ìwọ̀ mẹ́ta sì so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bàbá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Bíbélì wọn, ibẹ̀ ló sì ń gbé.

"Ẹja tí wọn ò jẹ, tí wọ́n ṣì ń wá a kiri," ni wọ́n wí, "ọ̀rọ̀ wà nínú ẹja yẹn."

Mo ṣèlérí pé màá mú àwọn méjèèjì lọ sí Minnesota. A ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ó di ìgbà tí ewé bá ń wọ́. Ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe ìlérí kan ṣoṣo yẹn.

Ìjà kan wà láàárín wọn tí kò parí. Òtútù kì í wá díẹ̀díẹ̀ ní Houston. Ooru á mú ní òwúrọ̀, afẹ́fẹ́ á yí padà sí àríwá ní ọ̀sán, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ènìyàn ti ń wá kóòtù. Ohun tí Délé gbà gbọ́ ni pé tí irú òtútù bẹ́ẹ̀ bá ti kọjá, kí apẹja jókòó sílé rẹ̀. Ojú ọ̀run á mọ́ roro, oòrùn á ràn, gbogbo nǹkan á dára lójú. Ṣùgbọ́n ẹja á ti sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ibú, á pa ẹnu dé, kò ní gbéra títí omi á fi tún lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní bí muskie ṣe ń ṣe nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹja ọ̀sà.

"Dúró fún ọjọ́ mẹ́ta," ni Délé máa ń wí. "Ọjọ́ mẹ́ta péré, bàbá."

Bàbá kò gbà. Wọ́n ní ọyẹ́ ni, àwọn sì ti mọ ọyẹ́ láti kékeré. "Tí òtútù bá mú, kí lẹ máa ń ṣe nílé yín? Gbogbo yín á kó sí yàrá kan. Ẹja náà kó sí yàrá kan. Délé, bí ogún ènìyàn bá wà ní yàrá kan, ṣé ebi ò ní pa ẹyọ kan nínú wọn?"

Ohun mìíràn wà tí Bàbá rí, tí Délé náà mọ̀ ṣùgbọ́n tí kì í lò ó. Afẹ́fẹ́ àríwá yẹn a máa ti omi ọ̀sà jáde sí òkun ńlá. Ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà kọjá ní ọjọ́ mìíràn á di ẹrẹ̀ gbígbòòrò, ènìyàn á sì lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ dé etí ibú tí ẹja sá sí. Ní ọdún tó kọjá, ní ọjọ́ kejì òtútù bẹ́ẹ̀, Bàbá ní kí Mọ́mì gbé àwọn lọ. Mọ́mì jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n tan ẹ̀rọ ìmóoru sílẹ̀. Bàbá rìn lọ, wọ́n rìn padà pẹ̀lú ẹja pupa kan tó gùn tó apá mi. Nígbà tí wọ́n délé, wọn kò kan ilẹ̀kùn Délé. Wọ́n tẹ́ ẹja náà sórí ẹní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń dúró. Ìyàwó Délé ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn, ó sì figbe ta.

"Ó pẹ́ kó tó jẹ ìdẹ," Bàbá sọ fún Délé nígbà tó jáde. "Ṣùgbọ́n ebi ò mọ ọyẹ́."

Ẹsẹ̀ lásán ni Bàbá fi ń wọ omi, òtútù ìbáà mú bí ó ti wù. Aládùúrà ni wọ́n, wọn kì í wọ bàtà níbi àdúrà, gbogbo omi sì ni ibi àdúrà lójú wọn. Ìdí mìíràn tún wà: wọ́n ní àtẹ́lẹsẹ̀ ni apẹja fi ń mọ ilẹ̀ tó le yàtọ̀ sí ilẹ̀ tó fẹ́ gbé e mì. Wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á ká ìbọ̀sẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n á kọ orí bàtà sí omi. Wọ́n á gba àdúrà kúkúrú kan, wọ́n á dárúkọ gbogbo wa, wọ́n á sì wọlé.

Mọ́mì ra ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì fún wọn, aláwọ̀ ọsàn. Lọ́jọ́ kan mo dé gáréèjì, mo rí i pé Bàbá ti fi bo ẹ̀rọ tí a fi ń gé koríko. Mọ́mì fi igbe bọnu.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Mo ń fi ọwọ́ ara mi tọ́jú àwọn tí omi gbé ní ọsibítù! Ẹ wọ̀ ọ́ nítorí tèmi, tí ẹ ò bá ní wọ̀ ọ́ nítorí tiyín."

"Tóyìn, má pariwo. Ẹ̀rọ yẹn náà lè rì."

"Mi ò bá yín ṣeré o."

Bàbá dá Mọ́mì lóhùn bí ẹni tó ń ka ẹsẹ Bíbélì: "Ẹni tó bá dira ogun lọ bá omi, òun ló sọ omi di ọ̀tá."

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, Màmá Àgbà ni wọ́n sọ ọ́ fún mi. Bàbá kò sọ ọ́ rí.

Kí Bàbá àti Màmá tó fẹ́ra wọn ni. Ìjì dojú ọkọ̀ kan dé ní ibi tí odò ti wọ òkun. Mẹ́rin ni wọ́n nínú ọkọ̀ náà. Mẹ́ta lúwẹ̀ẹ́ dé èbúté. Ẹnì kẹrin, Mósè, kò dé. Àjèjì ni Mósè, ó wá bá wọn fa àwọ̀n ni, kò ní ẹbí kankan ní abúlé. Gbogbo ọkọ̀ jáde wá a fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn àgbà ní ó tó, kí oníkálukú padà sídìí àwọ̀n rẹ̀, nítorí ebi ti ń pa ilé. Bàbá nìkan ni kò padà. Láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wa ọkọ̀ wọn lọ sókè lọ sódò, wọ́n ń fi ọ̀pá tú ìdí igi ẹ̀gbà tó hù létí omi. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Jeremáyà, ṣé ẹ̀gbọ́n ẹ ni? Ṣé ó fi ilé sílẹ̀ fún ọ ni?" Àwọ̀n tiwọn wà lórí igi tí wọ́n ń sá a sí, ó ń jẹrà.

Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n rí Mósè. Wọ́n fi aṣọ ìbora ara wọn dì í, wọ́n gbé e dé ibi tí ilẹ̀ gbígbẹ wà, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sin ín. Lẹ́yìn náà wọ́n wa ọkọ̀ fún ọjọ́ méjì lọ sí ìlú Mósè, wọ́n lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyá náà kò béèrè bí ó ṣe kú. Ó béèrè bóyá a sin ín. "Mo sin ín, ìyá," ni Bàbá wí. "Mo mọ ibẹ̀. Màá mú yín débẹ̀."

"Mo ti kọ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú ìgbà yẹn," Màmá sọ fún mi. "Wọ́n ga jù, wọ́n sì lágídí jù fún mi. Ìgbà tí mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún àwọn àgbà yẹn ni mo ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá."

Mo bi wọ́n pé kí ni Bàbá sọ fún àwọn àgbà.

"Wọ́n ní, 'A kì í fi ènìyàn sílẹ̀ fún omi.'"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Sátidé yẹn, Bàbá pè mí. Afẹ́fẹ́ ń lu fèrèsé ilé mi.

"Akọ̀wé, ṣé o ń gbọ́ afẹ́fẹ́ yìí?"

"Mò ń gbọ́ ọ, Bàbá. Ẹ má jáde o. Òtútù yìí le."

"Ó ti gbé omi lọ. Gbogbo ẹja ti wà ní yàrá. Orúnkún Délé tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí kò tíì jinná, ìyá ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣé wàá gbé mi lọ lọ́la?"

"Bàbá, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi lọ́la. Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní Sátidé tó ń bọ̀."

"Sátidé tó ń bọ̀. Bíi ti muskie nìyẹn."

"Háà, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mò ń bá ọ ṣeré ni. Ṣe iṣẹ́ ẹ. Omi ò ní dúró dè wá, ṣùgbọ́n kò burú."

Iṣẹ́ tí mo ní, ìròyìn lórí òtútù náà ni. Mò ń kọ bí àwọn ènìyàn Houston yóò ṣe fi aṣọ dì páìpù ilé wọn kó má baà bẹ́.

Ọkọ̀ tí wọ́n fi fóònù pè ló gbé Bàbá lọ. Màmá rò pé èmi ni mò ń bọ̀ wá gbé wọn, Bàbá kò sì sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Awakọ̀ náà jẹ́ ọmọ Warri, kò pẹ́ tó dé ìlú yìí. Ó wá sí ilé wa ní ọjọ́ kẹta, kò sì fẹ́ jókòó.

"Baba gist me from house reach there," ó ní. "E happy well well. E say make I come back by three, say water no go come before evening. I ask am how e take know. E say, 'My son, na moon dey carry water.' I swear, by three sharp I dey there."

Níbẹ̀ ni àṣìṣe wà, ẹni tó mọ omi nìkan ló sì lè ṣe é. Ní etí òkun Ìlàjẹ, òṣùpá ló ń fa omi lọ, òun náà ló ń dá a padà. Bàbá ti fi gbogbo ayé wọn ka òṣùpá, kò já wọn kulẹ̀ rí. Wọ́n kà á lọ́jọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ ni ó bọ́ sí. Wọ́n mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ló gbé omi ọ̀sà lọ ní ọjọ́ yẹn, síbẹ̀ òṣùpá ni wọ́n fi ka ìgbà tí yóò padà.

Obìnrin ará Vietnam kan ló ń ta ìdẹ ní etí omi níbẹ̀. Òun ló bá wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. "Mo sọ fún wọn," ó wí fún mi, ó sì tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Mo ní, bàbá, afẹ́fẹ́ ló ti omi yìí jáde. Tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, omi á padà, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní inú omi ni wọ́n bí àwọn sí. Mo fún wọn ní tíì gbígbóná, wọ́n mu ìdajì, wọ́n ní kí n bá àwọn tọ́jú ìyókù."

Ó ń rí fìlà funfun wọn lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ní wọ́n dúró jẹ́ẹ́ bíi lékèélékèé. Ní nǹkan bí agogo méjìlá, afẹ́fẹ́ rọlẹ̀. Oníbàárà méjì wọlé. "Nígbà tí mo gbójú sókè, omi ni mo rí," ó ní. "Tíì yẹn ṣì wà níbẹ̀. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe."

Délé fi ṣíbí àti ife ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lórí tábìlì ilé ìdáná. Ojú ọ̀nà omi tóóró kan wà láàárín èbúté àti ilẹ̀ ẹrẹ̀ náà. Ní òwúrọ̀, kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Òun ni ó ń kọ́kọ́ kún tí omi bá ń padà, ẹ̀yìn ẹni tó dúró létí ibú ni ó sì wà. Ẹni náà á máa wo iwájú, á rí i pé ẹrẹ̀ ṣì gbẹ níbi tí òun dúró sí. Nígbà tó bá yíjú, ọ̀nà ilé ti di odò. Omi náà tutù débi pé ẹsẹ̀ lásán kò ní pẹ́ kú sínú rẹ̀. Mo bi Délé pé ìṣẹ́jú mélòó. Ó gbé ṣíbí náà padà sí àyè rẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá ojú omi fi ọkọ̀, hẹlikópítà àti ẹ̀rọ tó ń wo ìsàlẹ̀ omi wá wọn fún ọjọ́ márùn-ún. Èmi bá àbúrò ará Vietnam tó ń ta ìdẹ náà wọ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kẹjọ, òtútù mìíràn tún wá láti àríwá, afẹ́fẹ́ tún gbé omi lọ, ẹrẹ̀ sì tún ṣí sílẹ̀. A rí ọ̀pá ìwọ̀ Bàbá létí ibú. Wọ́n gún un mọ́ ilẹ̀, ó dúró ṣánṣán. Ohun tó wà ní ẹnu okùn rẹ̀ ni ìdẹ onígi aláwọ̀ ewé àti pupa yẹn.

Délé fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ rìn wá sí ilé wa láti wò ó. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó jókòó.

"Muskie kò sí nínú omi yìí," ó ní. "Kò sí ẹyọ kan láti ibí títí dé Minnesota. Bàbá mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni mo sọ fún un." Ó yí ìdẹ náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ló wá dé tó fi so ó mọ́ okùn?"

Mo mọ ìdí rẹ̀. Ìlérí Minnesota tí n kò mú ṣẹ ni.

Ọjọ́ kẹwàá jẹ́ ọjọ́ Ajé. Ọ́fíìsì ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ sí Cinco Ranch, mo bá Màmá lórí àga wọn, wọ́n kọjú sí ilẹ̀kùn. Wọn kò tíì wọ aṣọ ọ̀fọ̀. Àwọn ará ìjọ ti wá láti ṣe àdúrà òkú, Màmá sì ti dá wọn padà lẹ́nu ọ̀nà. "Òkú ta ni ẹ fẹ́ gbàdúrà fún?" ni wọ́n bi wọ́n. "Ẹ gbé wọn wá kí n rí wọn." Abọ́ Bàbá wà lórí tábìlì, wọ́n ti bu oúnjẹ sí i, wọ́n ti dé e.

"Ṣé o lọ sómi lónìí?" Màmá bi mí.

"Rárá, Màmá. Mo lọ síbi iṣẹ́."

"Ọjọ́ mélòó lo ti wá wọn?"

"Mẹ́sàn-án, mà."

Wọ́n ka ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka ẹ̀wà. Wọ́n ká mẹ́sàn-án. Wọ́n tún na méjì sókè, wọ́n sì gbé e sójú mi.

"Mọ́kànlá ni bàbá yín fi wá ẹni tí kì í ṣe ẹbí wọn."

Mo padà lọ fún ọjọ́ méjì tó kù. Mo fi ọ̀pá tú gbogbo ìdí koríko tí ọkọ̀ lè dé. Mo bọ́ bàtà mi, mo ti ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀ náà, nítorí wọ́n ní àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń mọ ilẹ̀. Òtútù nìkan ni ẹsẹ̀ mi mọ̀. Ọjọ́ kọkànlá pé, oòrùn wọ̀, omi kò fún mi ní nǹkan kan. Nígbà tí mo dé ilé, Màmá wo ọwọ́ mi méjèèjì, wọ́n sì yí ojú padà sí ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, wọn kò bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́.

Ọ̀gá ọlọ́pàá ojú omi tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, pè mí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní wọ́n ti dá ìwákiri dúró, ṣùgbọ́n wọn kò pa fáìlì náà dé. Wọ́n ti gba itọ́ Mọ́mì pamọ́, kí wọ́n lè fi mọ̀ bí wọ́n bá rí ẹnì kan. Ní ti ìwé ẹ̀rí ikú, nígbà tí kò sí òkú, adájọ́ ni yóò gbọ́ ẹnu àwọn ẹlẹ́rìí kó tó fọwọ́ sí i. Wọn kò tíì dá ọjọ́. Mo bi í bóyá nǹkan kan wà tí a lè ṣe báyìí. Ó ní omi ṣì tutù jù, ohun tó bá wà nínú ibú ní irú àsìkò yìí kì í gbéra. Tí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, bóyá nínú oṣù Kẹta, ọkọ̀ wọn yóò tún jáde, yóò yí ibú náà ká. Ó ní kí a máa retí ìpè àwọn nígbà náà.